Oje eérú, ìdè yíyọ́: èsì sí àwọn orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wa ní Houston gbé wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú akitiyan. Mo ti ka orúkọ méje tí ẹ kó síwájú wa, fún ìwé tí ẹ ń kọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ẹ ń kọ́ níṣẹ́ sáfíìsì ẹ̀rọ apaná ilé ìdáná ní Houston. Méjì kò ní wàhálà: ẹnu páìpù fún nozzle, àti ọmọrí rẹ̀. Márùn-ún yòókù ni mo fẹ́ bá yín fà.

Èyí tó léwu ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe wet chemical, kẹ́míkà olómi tó ń pa iná epo, ní omi apaná. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ̀ ni pé a kì í da omi sí epo tó ń jó. Omi á rì sínú epo náà, á di ooru lójú ẹsẹ̀, á sì fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,700. Epo oníná ni yóò tú ká gbogbo ilé ìdáná. Ẹ wá fẹ́ kí orúkọ tí ọmọ náà yóò máa pè lójoojúmọ́ fi omi bẹ̀rẹ̀? Èmi ò fara mọ́ ọn.

Àǹtí wa tó dá sí i dábàá omi káún. Wọ́n ní potash ni wọ́n ń pe káún lọ́jà, potassium sì ni kẹ́míkà náà. Àǹtí, ẹ má bínú, òyìnbó ọjà ló ṣì yín lọ́nà. Káún tí à ń fi se ewédú, iyọ̀ sodium ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Eérú ni potassium wà nílé wa: eérú èèpo kókó tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń kó sínú ajere, tí wọ́n ń da omi lé, tí oje rẹ̀ sì ń kán tótó sísàlẹ̀. Potassium carbonate ló kún inú oje yẹn. Òun náà, tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ acetate àti citrate, ló wà nínú àgbá ẹ̀rọ apaná. Oje eérú ni mo dábàá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ilé iṣẹ́ òyìnbó kì í jo eérú, kó rántí pé ara potash, eérú inú ìkòkò, ni Humphry Davy ti fa orúkọ potassium yọ lọ́dún 1807.

Saponification, tí ẹ pè ní ìyípadà ọ̀rá, kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí oje eérú bá fọ́n sórí epo gbígbóná ní wínníwínní, ó ń sọ ojú epo di ọṣẹ ni. Ìfófòó ọṣẹ náà á bo epo kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, á sì máa tù ú títí kò fi ní lè gbiná mọ́. Ìtútù yẹn gan-an ni kókó. Nígbà tí àwọn ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà pa ọ̀rá ẹran tì, tí wọ́n bọ́ sórí òróró, tí agbada ìgbàlódé sì ń pa ooru mọ́, kẹ́míkà oníyẹ̀fun àtijọ́ á pa iná, iná á tún ràn. Ohun tó bí UL 300 nìyẹn, òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ apaná ilé ìdáná wò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 21 November 1994. Ìsọdọṣẹ ni kí ẹ pè é.

Ìdè ayọ́ fún fusible link dùn létí, àmọ́ ta ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp? Ẹ kọ "ide ayo" ránṣẹ́, kí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè aṣọ ẹbí. Ìdè yíyọ́ sàn. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, tí wọ́n fi irin rírọ̀ lẹ̀ pọ̀. Bí ooru bá dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, 360 Fahrenheit fún àpẹẹrẹ, irin rírọ̀ náà á yọ́, wáyà tó fà le á dẹ̀, gáàsì nitrogen á ti oje eérú gba inú páìpù, gáàsì ìdáná á sì kú. NFPA 17A, ìwé ìlànà Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ apaná oní-wet chemical, ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ìdè náà lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ì báà má tíì rí iná rí.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba alátùn-únṣe tí ẹ pe technician, ẹni tó ń ṣe sáfíìsì ẹ̀rọ náà. Kí ló bàjẹ́? Panápaná náà kò bá a mu, torí ẹni tó ń fọn fèrè bọ̀ nígbà tí iná ti sọ ni gbogbo wa mọ̀ sí panápaná. Iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀: wọ́n á lọ kíláàsì ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, wọ́n á ka NFPA 17A àti 96, wọ́n á ṣèdánwò, wọ́n á sì gba láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ State Fire Marshal, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Texas, kí wọ́n tó lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Onísáfíìsì ni mo fọwọ́ sí. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ ohun tí sáfíìsì jẹ́, kí àwọn tó kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò bínú títí.

Ó ku hood, ohun tó wà lókè ààrò tó ń fa èéfín jáde. Ìborí ààrò tí ẹ kọ mú mi rántí gèlè. Àjà ló ń wá sí mi lọ́kàn, èyí tó máa ń wà lókè ààrò tí èéfín ń rú sí, àmọ́ àjà tiwa kì í fa èéfín jáde, ńṣe ló ń fi í yan ẹran. Ẹ̀yin tí wọ́n dáná lábẹ́ àjà ní Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, kí lẹ ń pe ihò tí èéfín ń gbà jáde lára òrùlé?