Àbọ̀ lórí ìkìlọ̀ pupa inú PVsyst: ó ti yanjú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo béèrè níbí ìdí tí PVsyst, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣètò iná oòrùn, ò fi jẹ́ kí n so páńẹ̀lì mẹ́wàá pọ̀ ní series (tẹ̀lé ara wọn, kí fólítì wọn lè ròpọ̀) fún ilé kan ní Òṣogbo, tó ń pariwo pé fólítì ti ju ohun tí inverter lè gbà lọ, mo ti padà dé.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n lọ wo ìwọ̀n òtútù ló bá a. Inú Project settings ni mo ti rí i: -10°C ló wà níbẹ̀ látilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òtútù tó le jù, mi ò sì fọwọ́ kàn án rí. Òṣogbo wo lomi ti ń dì? Bí páńẹ̀lì bá ṣe ń tutù sí i ni fólítì rẹ̀ ń gòkè. Tiwa jẹ́ 48V ní 25°C, ó sì ń fi 0.27% gòkè fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá lọ sílẹ̀. Mẹ́wàá jẹ́ 480V. Ní -10°C ó di nǹkan bíi 525V, inverter ò sì gbà ju 500V lọ. Mo yí i sí 15°C, ó di 493V, ìkìlọ̀ náà pòórá.

Ìmọ̀ràn pé kí n yọ páńẹ̀lì kan kúrò náà ṣiṣẹ́, àmọ́ oníbàárà ti sanwó mẹ́wàá. Ẹni tí àlàfo 7V bá ń bà lẹ́rù, kó gba ọ̀nà yẹn.

Igi máńgòrò aládùúgbò tó lè ṣíji bo páńẹ̀lì ló kù. Mi ò tíì yà á sínú àwòrán 3D, nítorí náà mi ò tíì gba iye iná ọdún kan tí PVsyst ń pè gbọ́. Ẹ ṣé gan-an.