“Àpẹẹrẹ” ò gbé ẹrù, “àmì aṣojú” ló gbé e

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Orúkọ Yorùbá là ń wá fún àwọn nọ́ńbà díẹ̀ tí a fi ń dúró fún odindi ìpínkiri ìṣeéṣe (probability distribution, ìyẹn bí ìṣeéṣe ṣe pín sórí àwọn nọ́ńbà tó lè jẹ yọ). Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí á máa pè wọ́n ní “àpẹẹrẹ”. Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò bá a mu. Àpẹẹrẹ kàn ń fi bí àwọn yòókù ṣe rí hàn ni. Àwọn nọ́ńbà tí à ń wí yìí ru ẹrù (weight): ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ nínú odindi tí wọ́n ń dúró fún.

Ẹ wo ìpínkiri tó ní ìrísí agogo, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0, tí ìwọ̀n ìtànká rẹ̀ (bí àwọn nọ́ńbà ṣe tàn jìnnà sí ìpíndọ́gba tó) jẹ́ 1. Nọ́ńbà mẹ́ta péré tó láti dúró fún un: 0, 1.732 àti −1.732. Ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba. 0 nìkan gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹrù náà, àwọn méjì tó kù gbé ìdá kan nínú mẹ́fà, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi ẹrù rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 1 ni, bíi ti ìpínkiri náà gan-an. Bí nọ́ńbà náà bá fara hàn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìsọdipúpọ̀ ọ̀hún, 3 ló ń jáde, ó tún ṣe rẹ́gí. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà kí wọ́n tó kùnà: 9 ni wọ́n mú wá, 15 ló yẹ.

Ìdí tí mo fi fẹ́ “àmì aṣojú” nìyẹn. Àwọn kan ní ó jọ ọ̀rọ̀ òṣèlú jù. Àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn lójú tèmi: ohùn aṣojú ẹgbẹ̀rún ènìyàn wúwo ju ti aṣojú ogún lọ. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Julier àti Uhlmann, tí wọ́n gbé irú ọ̀nà yìí jáde ní àwọn ọdún 1990, fi lẹ́tà Gíríìkì sọ tiwọn ní sigma point. Orúkọ yẹn ò sọ iṣẹ́ tí àmì náà ń ṣe rárá. Tiwa lè sọ ọ́.

“Àṣàyàn” ńkọ́? Ohun tó dára jù la ti ń fi pè, 1.732 kò sì sàn ju 1.5 lọ. Ipò tó dúró sí ló ń jẹ́ kó wúlò.

Nọ́ńbà tí a ṣàdédé mú látinú ìpínkiri náà, tí a ò fọwọ́ ara wa yàn, mo pè é ní “àbùwò”, láti ara bù àti wò. Kí àṣìṣe àbùwò tó lè dín sí ìdajì, àfi kí iye àbùwò náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí á fi orúkọ kan náà pe òun àti aṣojú.

“Ẹrù” fúnra rẹ̀ ló kù tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lé lórí. Mo sá fún “ìwọ̀n” torí pé ìtànká ti gbà á. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?