Òdòdó gígé tà lábẹ́ kòkó l'Óṣogbo: èwo ni kí n gbìn?

Ọmọ Oróki
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì méjì kan wà lọ́nà Ìlobùú, kòkó tó ti gbó ló kún un, ibòji ibẹ̀ sì dí gan-an. Kànga wà níbẹ̀. Òdòdó tí kò ní kú lẹ́yìn ọdún kan ni mo ń wá, èyí tí mo lè máa gé tà fún àwọn tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́. Èwo ló gba ibòji, báwo ni wọ́n sì ṣe ń gbìn ín?

Alágbàlá
Ọ̀rọ̀ ibòji yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ dúró lábẹ́ kòkó náà lọ́sàn-án gangan. Bí ẹ ò bá rí oòrùn kankan nílẹ̀, ewé lásán ni heliconia, òdòdó tí ewé rẹ̀ jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò máa yọ fún yín. Ẹ rẹ́ ẹ̀ka títí oòrùn yóò fi dé nǹkan bí ìdajì ilẹ̀. Ibẹ̀ ni heliconia àti atalẹ̀ pupa yóò ti ṣe dáadáa. Alpinia purpurata ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí à ń lọ̀ sọ́bẹ̀. Ibi tó bá ṣókùnkùn jù, ẹ fi sílẹ̀ fún anthurium, òdòdó dídán tó rí bí àwòrán ọkàn.

Ìdí heliconia àti atalẹ̀ pupa la fi ń gbìn wọ́n, bí ẹni gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ gé e kí igi kan tàbí méjì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí igi náà má ga ju 30 cm lọ. Ẹ fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹ gé gbòǹgbò tó ti dúdú dànù, kí ẹ rì í fún ìṣẹ́jú 10 sínú omi ife 9 tí ẹ bu bílíìsì ife 1 sí. Àìṣe èyí ló ń kó ìjẹrà wọ oko tuntun. Oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, tí òjò ti fìdí múlẹ̀, ni kí ẹ gbìn ín. Heliconia kékeré, mítà 1 síra; atalẹ̀ pupa àti heliconia ńlá, mítà 1.5 sí 2.

Akínọgbà
Ẹ ṣọ́ra fún oògùn kòkó! Kópà tí wọ́n ń fín kí èso kòkó má baà dúdú, májèlé ni fún anthurium. Bí ẹ ó bá ṣì máa fín in, ẹ má gbin anthurium sábẹ́ rẹ̀, ó tán.

Bí ẹ ò bá ní fín in mọ́, kì í ṣe ilẹ̀ amọ̀ ni anthurium ń fẹ́. Èèpo àgbọn tí ẹ gé wẹ́wẹ́ àti èédú ni kí ẹ pò pọ̀, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn. Ewé kọ̀ọ̀kan ló ń mú òdòdó kan wá, nítorí náà ẹ má gé ewé rẹ̀ tán. Kí mẹ́ta sí mẹ́rin máa kù lára rẹ̀. Heliconia yàtọ̀: igi kan kì í tanná lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gé e dé ilẹ̀ kí ọmọ ìdí rẹ̀ lè ráyè.

Ọmọ Oróki
Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ṣì ń fín kòkó yẹn, n ó fi anthurium sílẹ̀. Tí mo bá gé heliconia ní Ọjọ́rú fún ìnáwó Sátidé, ṣé kí n kó o sínú fíríìjì?

Ìyá Ewéko
Rárá o, ọmọ mi! Òtútù tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 12°C ló ń sọ ọ́ di dúdú, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní padà mọ́. Korobá omi tó mọ́, nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, ti tó o.

Ọjọ́bọ̀ ni kí o gé e, ní kùtùkùtù, kí o gbé korobá omi dání dé ìdí rẹ̀. Heliconia kì í là mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e. Bó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ ló ṣe máa wà lórí tábìlì, nítorí náà dúró kí ojú òdòdó náà méjì sí mẹ́ta ti là. Èèrà máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Rì í sínú omi ọṣẹ díẹ̀, gbọ̀n ọ́n, kí o fi omi lásán ṣàn án. Ìyàwó wo ló fẹ́ rí èèrà lórí kéèkì?

Tí ọyẹ́ bá dé, kó ewé kòkó tó wọ́ sílẹ̀ sí ìdí wọn, kó nípọn tó 10 cm, kí o máa bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí etí ewé bá ń gbẹ, fi kún omi náà. Bí pèrègún bá sì wà ní ààlà oko yẹn, gé ewé rẹ̀ mọ́ òdòdó tí ò ń tà. Àwọn alọ́ṣọ̀ọ́ ń fẹ́ ewé gígùn, kò sì ní ná ọ ní kọ́bọ̀.