Ẹ sọ tiyín: kí lojú yín rí ní Ọjọ́bọ̀ tí máàpù òfurufú yí padà?

Olùtọ́jú_Èrọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ bàlúù. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ 28-28 ni wọ́n ń pààrọ̀ máàpù àti dátà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń mọ ọ̀nà lábẹ́ AIRAC, ìyẹn ètò àgbáyé tó ń pinnu ọjọ́ tí àyípadà máa bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀.

Tèmi rèé. Ẹnjiníà ni mí, èmi ni mo máa ń gbé dátà sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Nínú irú ọkọ̀ tí mò ń tọ́jú, dátà méjì ló ń wà níbẹ̀: èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àti èyí tó ń dúró de ọjọ́ tiẹ̀. Kì í yí fúnra rẹ̀ o. Awakọ̀ ló máa tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ déètì tuntun kó lè bọ́ sísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà á tẹ ti ẹ̀gbẹ́ déètì àtijọ́ láti gbé e síbẹ̀. Orí ilẹ̀ nìkan ló ti ṣeé ṣe.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo gòkè lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀, ojú mi sì bọ́ sórí ẹ̀rọ náà. Déètì tó ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ló ṣì wà lókè! Àwọn èrò ti jókòó, wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, òní ni Ọjọ́bọ̀ o." Ọ̀gá awakọ̀ wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí, wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n tẹ bọ́tìnì méjèèjì. Gbogbo ipa ọ̀nà tí wọ́n ti tò kalẹ̀ pa rẹ́ lójú ẹ̀rọ, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ pẹ́ kó tó gbéra, àwọn kan sì fajú ro sí mi ní ọ́fíìsì. Ìyẹn ò kàn mí.

Ìyá_Fáìlì:
Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ ò tíì jìyà! Nígbà tiwa, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ihò méje létí, nínú fáìlì tó wúwo. Màá yọ ojú ewé àtijọ́, màá ki tuntun bọ̀ ọ́, màá buwọ́ lùwé níwájú fáìlì. Èyí tó ń dani láàmú jù ni àwọn ewé tí déètì ọjọ́ iwájú wà lórí wọn. Tuntun ti dé, àtijọ́ ṣì lẹ́nu ọ̀rọ̀, méjèèjì á jọ wà nínú fáìlì kan náà títí ọjọ́ á fi pé.

Wọ́n wá fún mi ní ọmọkùnrin kan pé kó máa ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ náà kórìíra ìdọ̀tí. Kí n tó dé láti ibi oúnjẹ, ó ti yọ gbogbo ewé àtijọ́ dà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ọjọ́ tuntun ò sì tíì tó. A tú apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀, a ń to bébà sórí ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Elrey Jeppesen tó bẹ̀rẹ̀ irú ìwé yìí, awakọ̀ tó ń kó lẹ́tà ni. Gíga òkè, gígùn pápá, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé kékeré kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn awakọ̀ bíi tiẹ̀ ní 1934. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń kó jọ dè mí.

Ìjókòó_Ọ̀tún:
Wọ́n yí nọ́ńbà ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ padà níbi tí à ń lọ, torí ibi tí ojú ọ̀nà náà kọjú sí lórí kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń fún un ní nọ́ńbà, àríwá tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí kì í sì í dúró sójú kan. (Tampa ní Amẹ́ríkà náà ṣe é ní 2011: 18R di 19R.) Tábúlẹ́ẹ̀tì mi ti gba máàpù tuntun, ti ọ̀gá mi ò tíì gbà á. Íntánẹ́ẹ̀tì hòtẹ́ẹ̀lì ni. Nígbà tí à ń ka bí a ṣe máa balẹ̀ síra wa létí, àwọn ń pe nọ́ńbà kan, èmi ń pe òmíràn. Wọ́n ní, "Ìwọ ni àbí èmi ni?" Mo na tèmi sí wọn kí wọ́n rí déètì. Ní báyìí, kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀ la ti ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì méjèèjì wéra.

Afojúfò:
Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń dẹ́rù ba àwa ọlọ́kọ̀ kékeré? Ojú la fi ń wo ọ̀nà. Òkè kì í ṣí kúrò. Máàpù mi ti ju ọdún kan lọ, kò sì tíì ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìjókòó_Ọ̀tún:
Ẹ̀gbọ́n, òkè ò ṣí lóòótọ́, àmọ́ òpó irin ń hù lójoojúmọ́. Wọ́n lè ti yí fíríkúẹ́ńsì tí ẹ máa fi pe àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ padà. Wọ́n lè ti ní kẹ́nikẹ́ni má gba apá ibì kan kọjá mọ́. Èwo nínú ìwọ̀nyí lẹ máa fojú rí látòkè?

Aṣètò_Ìrìnnà:
Ó ku ibì kan. Dátà lè jẹ́ tuntun kó sì pààyàn, tẹ́ni tó ń lò ó ò bá mọ ohun tó yí padà. Ẹ rántí ọkọ̀ Air New Zealand tó lọ sí Antarctica, ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, 1979. Òru tó ṣáájú ìrìn àjò yẹn ni wọ́n tún nọ́ńbà ipa ọ̀nà inú kọ̀ǹpútà ṣe, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fáwọn awakọ̀ tí wọ́n ti fi ti tẹ́lẹ̀ dá lẹ́kọ̀ọ́. Òkè Erebus ni ọ̀nà tuntun náà dorí kọ. Èèyàn 257 ló wà nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó yọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jókòó lálẹ́ Ọjọ́rú láti kọ ohun tó yí sójú ìwé kan péré fáwọn awakọ̀. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ràn bébà. Àfìgbà tí wọ́n yọ orúkọ ibì kan kúrò lójú ọ̀nà tí à ń gbà déédéé. Ètò ìrìn àjò tí wọ́n tẹ̀ jáde ṣì ń pe orúkọ náà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń dáhùn pé òun ò mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ pè mí láàárọ̀ kùtù: "Ibo ni wọ́n gbé e lọ?" Mo ní, "Ìlà kẹta, ọ̀gá, nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ lánàá."

Ó wá ìwé náà, ó rí i, ó gé ìpè láìdúpẹ́.