Ẹ jẹ́ ká fi «atọ́júpìtàn» pe curator

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Olùkọ́ Ìkẹ́rẹ́ tó ń kọ ìwé pélébé nípa oríṣiríṣi iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bi wá léèrè ohun tí ká pe curator, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ohun inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tó sì ń wádìí ìtàn wọn, pàápàá èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ohun tí wọ́n hú nílẹ̀ láti ìgbà «early medieval». Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lóhùn: «olùtọ́jú ohun ayé àtijọ́». Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Olùtọ́jú aláìsàn wà, olùtọ́jú ọgbà wà. Ẹni tó ń nu eruku lára ère àti ẹni tó ń wádìí ère náà, ṣé orúkọ kan náà ni wọn yóò jẹ́? Ẹ wo Rupert Bruce-Mitford, tó jẹ́ curator ní British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1939, wọ́n hú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi sin òkú ọlọ́lá jáde ní Sutton Hoo, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pákó ọkọ̀ náà ti jẹrà tán. Ìṣó irin àti ojú àpá rẹ̀ lára iyanrìn ló kù. Owó wúrà 37 tí wọ́n bá níbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún keje ni ìsìnkú náà. Àṣíborí ogun ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó lé ní 500. Wọ́n kọ́kọ́ tò ó pọ̀, àwọn onímọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì tún un tò láàárín 1970 sí 1971. Bruce-Mitford ló ṣe alákòóso ìwé ńláńlá tó ti inú iṣẹ́ náà jáde láti 1975 sí 1983. Ìtọ́jú nìkan kọ́ nìyẹn o!

Nílé wa níbí ńkọ́? Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n kó lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum ló wà títí dòní. Lápá kan, ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, àwọn agbẹ́rù gbé òyìnbó ìjọba rù. Ère náà yọ síta lára pákó bí ẹni fẹ́ rìn jáde. Ẹni tó lè sọ ìtàn yẹn fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ju olùtọ́jú lọ.

A ti ní awalẹ̀pìtàn: ó wa ilẹ̀, ó pìtàn. Atọ́júpìtàn ni kí èyí náà jẹ́. Ẹnì kan dábàá arọ́kin. Oyè ààfin Ọ̀yọ́ nìyẹn, ẹnu ló sì fi ń pìtàn tirẹ̀.

Ní ti «ayé àtijọ́», ó gbòòrò jù. Bí ará Èkìtì bá gbọ́ ọ, ogun Kírìjì ló máa sọ sí i lọ́kàn. Ìgbà «early medieval» táà ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìjọba Róòmù kúrò níbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 410, títí di 1066. Mo dábàá «ìbẹ̀rẹ̀ Sáà Àárín Yúróòpù». Ẹ má yọ Yúróòpù kúrò, torí bí wọ́n ṣe pín ìtàn tiwọn kọ́ la ṣe pín tiwa.

Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, kó tètè mú un wá kí olùkọ́ wa tó gbé ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.