Dé àbí dè? Lórí ìtumọ̀ òfin ẹ́límẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè.

Ọ̀gá wa tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ká yan ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún ẹ́límẹ́ẹ̀tì, ká lè fi túmọ̀ òfin tó mú un ní dandan fún ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan mú "àṣíborí", àwọn kan mú "akoto", ẹ̀gbọ́n kan láti Mọ́kọlá mú "adáàbòborí".

Àṣíborí dára. Ó ti wà nínú Bíbélì tipẹ́: ti Gòláyátì jẹ́ idẹ, ti ìgbàlà sì wà nínú ìwé Éfésù. Ṣùgbọ́n ogun ló ń gbé wá síni lọ́kàn. Ẹ lọ bèèrè àṣíborí lọ́wọ́ ọlọ́kadà ní Ìwó Ròòdù, ẹ ó rí bí yóò ṣe wò yín. Akoto ńkọ́? Igbá ni etí mi ń gbọ́ nínú rẹ̀, a ò sì fẹ́ gbọ́ igbá nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ṣé ẹ rántí Oṣù Kìíní 2009, tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó gbé òfin náà dìde, tí àwọn ọlọ́kadà kan ní Nàìjíríà ń dé igbá àti ike ọ̀dà kiri láti fi tan ẹ̀ṣọ́ jẹ? Adáàbòborí ní tirẹ̀, ọ̀kadà á ti gbéra ká tó pè é tán. Ẹ jẹ́ kí ẹ́límẹ́ẹ̀tì máa jẹ́ ẹ́límẹ́ẹ̀tì. A ti gba búrẹ́dì àti fóònù wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń dùn mí. Gbogbo ìtumọ̀ tí mo rí níbí ló ní "ẹ dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì". Fìlà là ń dé. Ẹni tó dé fìlà lè gẹ̀ ẹ́ sápá kan, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ní Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ́límẹ́ẹ̀tì ọlọ́kadà tó gbé mi wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ okùn abẹ́ àgbọ̀n ti já, àjákù rẹ̀ ń gbá a létí bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́. Ti èrò wà lọ́wọ́ ọ̀kadà, ó so ó rọ̀ síbẹ̀. Mo bi í. Ó ní, "Bàbá, ṣebí mo dé e?" Ó jàre! Ohun tí a kọ fún un náà nìyẹn. Bó bá ṣubú, ẹ́límẹ́ẹ̀tì á ti fò kúrò kí orí tó kan títì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé ó lè dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100, tí a bá lò ó bó ṣe yẹ. Nínú "bó ṣe yẹ" yẹn ni okùn wà.

Mo kọ́kọ́ rò pé "Ẹ dé e, ẹ dè é" ló máa yanjú rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ pátákó n'Ìbàdàn? "E de e, e de e" ni wọ́n máa tẹ̀, aráyé á ní òǹtẹ̀wé ló kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà: "Ẹ dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n."

Ẹni tó fẹ́ fi "túláàsì" rọ́pò "dandan", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ òfin ló ń pè é ní túláàsì. Òfin kì í pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti èrò ló le jù. Orí kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń fi sínú ohun tí ẹni tí a ò mọ̀ rí ti dé. Ní 2009 náà, àwọn èrò kan ń sọ pé oògùn lè wà nínú rẹ̀. Ká má tíì sọ ti òógùn àti gèlè. Ìtumọ̀ kankan ò lè tún ìyẹn ṣe, àyàfi kí èrò ní tirẹ̀.

Okùn abẹ́ àgbọ̀n yẹn gan-an, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ tiyín? Níbí, "okùn" lásán ni mo ń gbọ́.