Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sín ìró jẹ: ẹ sọ ìrírí yín

Tíṣà Ìsẹ́yìn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Splash, hiss, buzz, irú wọn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Èwo ló ti dà yín láàmú rí?

Ìyá Ìbejì Peckham: Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni o! Mo ní ọkọ̀ mi ń dún gbì tí mo bá ti bọ́ sí kòtò. Ó ní kí n sọ ọ́ lédè tó yé òun: ṣé squeal ni, àbí grind, àbí clunk? Ẹnu mi wọhò. Àṣé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àìsàn tirẹ̀! Squeal, ẹ yẹ bíréèkì wò. Grind, irin ti ń ha irin. Ọmọ mi ló bá mi dáhùn pé clunk.

Rẹwáyà Mushin: Màmá, ẹ bá gbé e wá sí Ládípọ̀. Gbì inú kòtò? Ṣọ́ọ̀kì ni.

Ìyá Ìbejì Peckham: Ṣọ́ọ̀kì náà ni!!

Ọmọ Ọ̀yọ́: 😂😂 Rẹwáyà wòye láti Mushin

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Màmá, ẹ má bínú, grind ò sí lára wọn. Lílọ̀ ni, bí a ṣe ń lọ ata. Pigeon gan-an ló sín ìró jẹ! Látìn ní pipio, ọmọ ẹyẹ tó ń ké pí-pí. Faransé sọ ọ́ di pijon, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á.

Tíṣà Ìsẹ́yìn: Ẹyẹlé wo ló ń ké pí-pí? A sìn wọ́n nílé wa, kúù-kúù ni mo gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Àgbà ló ń ké kúù-kúù sà. Ọmọ tí ebi ń pa ni mo ń sọ.

Télọ̀ Abẹ́òkúta: Ẹ gbàgbé síìpù. Zip ni ìró ohun tó bá kọjá fìrì. Ní 1923, Goodrich, àwọn tó ń ṣe rọ́bà ní Amẹ́ríkà, pe bàtà òjò wọn ní Zipper. Bàtà ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn o! Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, wọn kì í gbà.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Èmi náà ò tíì gbà.

Rẹwáyà Mushin: Tiwa dùn jù. Alùpùpù! Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá ti pè é, ẹ ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kí ni motorcycle ń dún?

Ìyá Ìbejì Peckham: Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà béèrè o.

Télọ̀ Abẹ́òkúta: Ta ló tún ń pe alùpùpù? Ọ̀kadà ni.

Tíṣà Ìsẹ́yìn: Màṣíìnì là ń pè é níbí.